Ọwọ́ Tó Mọ Bàálù Méjì

Láti ìgbà tí Rùkàyyàt ti dé sí Èjìgbò ni àwọn èèyàn ti ń ṣàdúrà sí ọwọ́ rẹ̀, àdúrà náà ló sì ń dẹ́rù bà á jù.

"Ọwọ́ ẹ ò ní ṣì o, pilote wa!" Bàbá Mùtàlíbù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bó o ṣe máa gbé wa gòkè láyọ̀, bẹ́ẹ̀ lo máa gbé wa sọ̀ láyọ̀. Ọwọ́ ẹ ò ní ṣì láéláé."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ti Sìdíkàt, ìyá Rùkàyyàt, ló rinlẹ̀ jù. Rùkàyyàt nìkan ni kò rí i ṣe. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ohun tí Bàbá Mùtàlíbù kò mọ̀ ni pé ọwọ́ náà ti ṣì.

Awakọ̀ òfúrufú ni Rùkàyyàt, igbá-kejì tó máa ń jókòó lápá ọ̀tún ọ̀gá awakọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní irú bàálù méjì. Ọ̀kan ni alábẹ̀bẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì ń fà, òun ló ń lọ sí àwọn ìlú tí pápá bàálù wọn kò gùn. Èkejì ni jẹ́ẹ̀tì, òun ló tóbi, òun ló ń sáré, òun ló sì ń lọ sí Àbíjàn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfúrufú, irú kan ṣoṣo ni wọ́n ń wà, wọ́n á sì máa wà á títí wọn á fi fi í sílẹ̀ kọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá Rùkàyyàt fẹ́ àwọn tó lè wa méjèèjì, kí wọ́n lè máa jù wọ́n sọ́tùn-ún sósì bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdánwò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀lọ́tọ̀, lọ́dọọdún, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn. Rùkàyyàt yege lórí méjèèjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ tó ti mú eku méjèèjì, tí gbogbo àdúgbò ń fi yangàn?

Orí èèyàn lè mọ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ní tirẹ̀ kì í kàwé. Ibi tó bá ti mọ̀ ló ń lọ, kì í dúró béèrè. Ibi tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń ká táyà sínú wà nínú alábẹ̀bẹ̀ yẹn, nínú jẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá mìíràn ni ọwọ́ á bá níbẹ̀: èyí tí wọ́n fi ń ká àwọn ìyẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn apá bàálù. Àwọn ìyẹ́ yẹn ló ń gbé bàálù ró nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì tó. Ẹni tó bá ká wọn láìtíì tó àkókò, ilẹ̀ ni bàálù á kọjú sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí Rùkàyyàt ti wa alábẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n dá a padà sínú jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbéra ní Àbújá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn nígbà tí Ọ̀gá Ajíbóyè, tó jókòó lápá òsì, ní kó ká táyà. Ó na ọwọ́. Ó di ọ̀pá mú. Ó ti fẹ́ máa fà á nígbà tí ọwọ́ Ajíbóyè bo tirẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí.

"Rùkàyyàt. Táyà ni mo wí."

Ó wo ohun tó dì mú. Ó jọ̀wọ́ ọ̀pá náà, ó ká táyà, bàálù ń gòkè lọ. Kò pẹ́ tí àwọn èrò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè omi àti ìpápánu. Bàbá kan ń hanrun. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ bó ṣe kù díẹ̀ tó.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀ tán, Ajíbóyè wò ó títí. "Inú bàálù wo lo wà lónìí, ọmọ mi?" Kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ní kó lọ sinmi nílé, kó jẹun dáadáa. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Irú àánú bẹ́ẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Ìsinmi náà ló gbé Rùkàyyàt wá sí Èjìgbò, ara rẹ̀ ì bá sì balẹ̀ níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Najeem. Najeem, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, fẹ́ gbéyàwó. Àbíjàn ló wà lọ́dọ̀ bàbá wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa so yìgì. Ará Èjìgbò sì rèé, wọn kì í ṣe àlejò lójú ọ̀nà Àbíjàn. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀: wọ́n á gba Kútọnu, wọ́n á gba Lómè, wọ́n á la Gánà kọjá, wọ́n á wá wọ Àbíjàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Lọ́tẹ̀ yìí, Sìdíkàt ní rárá o. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ní ọmọ òun ló máa wa bàálù Àbíjàn ọjọ́ Àìkú, kí ni wọ́n tún ń wá nínú bọ́ọ̀sì? Ni ẹbí bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí kò fojú kan bàálù rí, àyàfi tó bá ń kọjá lókè orí wọn lóko, wọ́n rà á. Kò sí ẹni tó béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó ti gbó. Ọmọ wa ló ń wà á, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn èèyàn yìí kan náà, bí wọ́n bá fẹ́ ra iṣu l'Ífẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n á yí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nídìí, wọ́n á tún bi olóko ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ní àléébù.

Khàdíjàt, àbúrò bàbá Rùkàyyàt, gbé abọ́ atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ l'Ábíjàn, àti ẹja dídín wá. Ó ti gbé Àbíjàn pẹ́, Faransé kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Mange, ma fille, jẹun, ọmọ mi," ló wí. "Ẹni tó máa gbé odidi ìdílé sọ́wọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa òun."

Rùkàyyàt gbé òkèlè kan mì. Ó dìde, ó ní orí ń fọ́ òun, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ó mú bébà ńlá kan jáde nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ya gbogbo iwájú ibi ìjókòó awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì sí i lára, bó ṣe rí gan-an, irú èyí tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ fi ń kọ́ ọwọ́ wọn. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó gbé àga síwájú rẹ̀, ó di ojú. "Táyà," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, ó na ọwọ́, ó la ojú. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ó tún ṣe é. Ó tọ́. Ó ṣe é títí apá fi ń ro ó, kò ṣì lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá àárẹ̀ lásán ló ṣe òun l'Ábújá.

Ó tún di ojú. Ní ìgbà yẹn gan-an ni ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní ẹ̀yìnkùlé, ó ró gbàmù, Sìdíkàt sì ké "Yéè!" Àyà Rùkàyyàt já. "Táyà!" Ó na ọwọ́, ó la ojú.

Orí ọ̀pá ìyẹ́ ni ìka rẹ̀ wà.

Ó jókòó síbẹ̀, kò lè gbé ọwọ́ náà kúrò lára ògiri. Ó ti yé e báyìí. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ bàálù méjèèjì. Bí ẹ̀rù bá bà á, alábẹ̀bẹ̀ tó kọ́kọ́ kọ́ nìkan ni ọwọ́ ń rántí. Báwo sì ni ẹ̀rù kò ṣe ní í bà á lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí Bàbá Mùtàlíbù wà lẹ́yìn, tí Khàdíjàt wà lẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń ṣe àmín?

Ó fi fóònù pe olórí àwọn awakọ̀ òfúrufú l'Ékòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Èéṣe tó fi jẹ́ òní ni mò ń gbọ́?"

"Ojú ló ń tì mí, sà. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ máa gba jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi."

"Ó ṣeé ṣe kí n gbà á," ni ọkùnrin náà wí. "Sọ́ńdè, Joanna ló máa jókòó síbi tó o fẹ́ jókòó. Jẹ́ẹ̀tì nìkan lòun ń wà. Ìwọ wá rí mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà. O ṣeun tó o pè."

Rùkàyyàt sunkún, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó rò pé ó ti tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀. "Màámi, wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi lórí bàálù ọjọ́ Sọ́ńdè. Joanna lorúkọ ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n wà jù mí lọ." Kò sọ ìdí rẹ̀. Ojú ṣì ń tì í.

Sìdíkàt kò gbé ojú sókè. "Ó dáa," ló wí, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti kárí ilé. Khàdíjàt ló wá tú u fún Rùkàyyàt, bó ṣe ń wá okùn tó máa fi di ẹrù.

"Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀, ní òwúrọ̀ ọ̀la. Gbogbo wa. Ìyá ẹ náà."

"Ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, mà!"

"Ta la mọ Joanna sí?" Khàdíjàt fa okùn náà wò bóyá ó lágbára. "Ìwọ la fẹ́ wọ̀, a ò sọ pé a fẹ́ wọ bàálù."

Ẹ̀rù tó ti ń ba Rùkàyyàt láti ọjọ́ yìí wá, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Kò sí awakọ̀ òfúrufú tí kò mọ̀ pé àwọn tí títì ń pa pọ̀ ju àwọn tí òfúrufú ń pa lọ lọ́nà tí kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń rí i níwájú rẹ̀: bíréèkì tó ti jẹ tán, trélà tó dúró láìtan iná, dírẹ́bà tó ń jẹ obì kí oorun má bàa gbé e lọ, àwọn ọlọ́ṣà tó ń ti inú igbó yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lé ìyá rẹ̀ kúrò nínú bàálù tó ti í sínú bọ́ọ̀sì, òtítọ́ ló sì fi ṣe é. Ó bẹ Sìdíkàt nírọ̀lẹ́, Sìdíkàt ní òun fẹ́ kírun. Ó dúró kó kírun tán, Sìdíkàt ní oorun ń kun òun.

Ọjọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó mú, gáréèjì bọ́ọ̀sì Àbíjàn ti ń hó. Wọ́n ti di àpò gàrí àti iṣu mọ́ orí bọ́ọ̀sì, ẹ̀ńjìnnì ti ń kùn. Rùkàyyàt sáré dé, ó gun àtẹ̀gùn, ó dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, kò jẹ́ kí wọ́n tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ wọ bàálù lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Doucement, rọra, ma fille," ni Bàbá Mùtàlíbù wí láti ìjókòó iwájú. "Kí wọ́n tó bí ẹ la ti ń gba ọ̀nà yìí."

Rùkàyyàt wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, gbogbo Èjìgbò ló máa gbọ́ kó tó di àkókò ìrun Jímọ̀.

"Ọwọ́ mi ṣì," ló wí.

Ẹ̀rín dá.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èèyàn kún inú bàálù, wọ́n ní kí n fa ọ̀pá kan, òmíràn ni mo dì mú. Ọ̀gá mi ló gbá ọwọ́ mi mú. Ká ní kò rí mi, à bá ti já. Bàálù méjì ni mò ń wà, ọwọ́ mi ti dàrú. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n yọ mí. Ẹ̀mí yín ni mo rò. Joanna dáńgájíá jù mí lọ lórí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ wò ó, mo búra."

Bàbá Mùtàlíbù ti ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Bí ọwọ́ ìwọ tá a bí bá lè ṣì," ló wí díẹ̀díẹ̀, "ti ẹni tí a ò mọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ọwọ́ tí kò lè ṣì, Bàbá. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń jẹ́ méjì níwájú, kí ẹnì kan lè mú ẹnì kejì. Ta ló máa mú dírẹ́bà yìí?"

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí!" Dírẹ́bà yí padà, ó bínú gan-an. "Má fi ẹnu burúkú sìn mí lọ́nà o! Sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò mi!"

Rùkàyyàt ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó rí i lójú wọn. Tẹ́lẹ̀, Joanna nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ní báyìí, ẹ̀rù gbogbo ohun tó ń fò ló ń bà wọ́n. Àwọn kan ti ń di ìjókòó iwájú wọn mú bí ẹni pé ó fẹ́ fi ipá wọ́ wọn jáde. Òtítọ́ tó sọ nítorí kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ ló kàn wọ́n mọ́ inú bọ́ọ̀sì.

Sìdíkàt dìde nìkan. Ó gba àárín àwọn ẹrù kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, ó fa Rùkàyyàt lọ́wọ́, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ń pè é, kò wẹ̀yìn. Dírẹ́bà ti ìlẹ̀kùn gbàgà, bọ́ọ̀sì gbéra, ó sì yí kọ́nà.

Ìyá àti ọmọ dúró sínú eruku. Rùkàyyàt ń retí èébú.

"O rò pé ìyangàn ni mo fi ń kó àwọn èèyàn jọ," ni Sìdíkàt wí. "Ìyangàn wà ńbẹ̀, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọjọ́ yòówù tó o bá gòkè, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Màá jókòó ti fóònù títí o máa fi pè. Mo wá ní kí n wọ bàálù náà lẹ́ẹ̀kan, kí n fojú ara mi rí ohun tó ń ṣe mí báyìí. Bó bá sì fẹ́ já, kó já pẹ̀lú mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá wọ̀ ọ́, Rùkàyyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ."

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí Rùkàyyàt bá balẹ̀, á pe ìyá rẹ̀. Sìdíkàt á ní "Ó dáa," á sì pa fóònù. Rùkàyyàt máa ń rò pé kò ká ìyá òun lára.

"Joanna yẹn," ni Sìdíkàt tún wí, "ìyá ẹ̀ ṣì wà láyé?"

"Ó wà, mà."

"Kí Ọlọ́run fún un lóorun lọ́jọ́ Sọ́ńdè." Ó gbé báàgì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Jẹ́ ká máa lọ sílé. Màá wọ bàálù náà."

Lọ́jọ́ Àìkú, ní pápá bàálù l'Ékòó, Rùkàyyàt sin ìyá rẹ̀ dé ẹnu ibi tí ẹni tí kò rìnrìn àjò kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló gun òkè lọ sí ọ́fíìsì. Olórí àwọn awakọ̀ òfúrufú sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé alábẹ̀bẹ̀ nìkan ni yóò máa wà láti òní lọ, pé wọn kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ Ajíbóyè, tó bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò tiẹ̀ gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò. Bàálù náà sáré, ó gbé imú sókè, ó wọ inú ìkùukùu, kò rí i mọ́.

Kò tíì dúró sílẹ̀ rí kí èèyàn rẹ̀ wà lókè. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ nínú bàálù ló mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń kà wọ́n lọ́kàn láìfẹ́. Ó bọ́ síta, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ẹnì kan kí i, kò mọ ẹni náà. Òógùn bo fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dún, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sílẹ̀.

"Rùkàyyà. Mo ti dé o. Bàbá ẹ àti Najeem nìyí. Joanna yẹn kí mi lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

Rùkàyyàt fẹ̀yìn ti ògiri, omi ojú ń dà bọ̀ lójú rẹ̀.

"Àwọn ará bọ́ọ̀sì ti pè ẹ́?" ni Sìdíkàt béèrè.

"Rárá, mà. Lánàá ni Bàbá Mùtàlíbù pè kẹ́yìn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Lómè. Fóònù wọn kò wọlé mọ́."

"Àwa náà ń pè wọ́n níbí. Kò wọlé."

Rùkàyyàt fẹ́ sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Ó ń rí Khàdíjàt tó ń fa okùn wò.

"Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wí. Ó fẹ́ pa fóònù.

"Má pa á," ni Sìdíkàt sáré wí. "Mo bẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ká jọ dúró dè wọ́n."

Rùkàyyàt jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé fóònù sétí. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí l'Ábíjàn.